Láti orí físà D7 dé ìgbélùú títíláé: ìtọ́sọ́nà fún àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì wa tó wà ní Pọ́rtúgàl

Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tó wa bọ́ọ̀sì ní Manchester títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, kò yẹ kó tún máa fi ọjọ́ alẹ́ bẹ̀bẹ̀ físà. Síbẹ̀, ohun tó ń bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa tó kó lọ sí Pọ́rtúgàl fínra nìyẹn. Wọ́n ti ta ilé ní Ìlú Ọba, wọ́n ti rẹ́ǹtì ilé kékeré kan ní Algarve tàbí ní ẹ̀gbẹ́ Lisbon, oòrùn ń ràn, ẹja tútù ò wọ́n lọ́jà, àmọ́ káàdì tó wà nínú pọ́ọ̀sì wọn ní ọjọ́ tó máa kú.

D7 ni ọ̀pọ̀ wọn gbà wọlé. Òfin ìwọ̀lú Pọ́rtúgàl ti ọdún 2007 ló ṣe físà náà fún ẹni tí owó ń wọlé fún láìjẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́: pẹ́ńṣọ̀n, owó ilé, èrè orí owó tó fi dókòwò. Láti ìgbà tí Ìlú Ọba ti jáde kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tó di pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì mú àti ẹni tó di ti Nàìjíríà mú jọ ń tò sórí ìlà kan náà ni. (Àwọn tó ti ń gbé Pọ́rtúgàl kí ọdún 2020 tó parí ní káàdì tiwọn lábẹ́ àdéhùn Brexit, ọ̀nà tiwọn sì yàtọ̀. Kì í ṣe àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí.) D7 máa ń fúnni ní káàdì ọdún 2, wọ́n á tún un ṣe fún ọdún 3, tí ọdún 5 bá sì pé, èèyàn lè béèrè ìgbélùú títíláé.

Owó kì í sábà dá àwọn èèyàn wa dúró lójú ọ̀nà yìí. Ilé lílọ ló ń dá wọn dúró: ọdún Kérésì, òkú ṣíṣe, ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n, ilé tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn tí bíríkìlà kò ní ṣe dáadáa tí a ò bá dúró tì í. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ díẹ̀ lórí kíka ọjọ́ ju orí ohun yòókù lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín

Kì í ṣe gbogbo físà òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ló ń já sí ìgbélùú títíláé. Ní Thailand, èèyàn lè máa tún físà ìfẹ̀yìntì ṣe lọ́dọọdún títí yóò fi darúgbó kùjọ́kùjọ́, kò ní sọ ọ́ di onílé. Pọ́rtúgàl pàápàá ní físà ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní estada temporária, èyí tí kì í bí káàdì ìgbélùú rárá. Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín ni káàdì tí wọ́n kọ autorização de residência (ìyọ̀ǹda ìgbélùú) sí.

Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó wà lára káàdì àkọ́kọ́ yín ni ọdún 5 náà ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n lẹ físà mọ́ pásípọ́ọ̀tù. Mo ti rí ẹni tó ń ka ọdún rẹ̀ láti ọjọ́ tó san owó ilé àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ ò dùn nígbà tí mo ṣàlàyé fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ lónìí

Òfin méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

Èyí àkọ́kọ́ kan káàdì onígbà díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín báyìí. Láàárín àsìkò tí káàdì kan fi wà láàyè, ẹ kò gbọ́dọ̀ kúrò ní Pọ́rtúgàl fún oṣù 6 léraléra, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò fún oṣù 8 lápapọ̀ tí a bá ro gbogbo ìrìnàjò yín pọ̀. Oṣù 8 fún káàdì ọdún 2, oṣù 8 fún káàdì ọdún 3. Ẹni tó bá kọjá á lè pàdánù káàdì náà.

Èkejì kan ọ̀kan nínú irú ìgbélùú títíláé méjì tó wà, èyí tó jẹ́ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Fún ìyẹn, nínú gbogbo ọdún 5, oṣù 10 péré lẹ lè lò níta lápapọ̀, ìrìnàjò kankan kò sì gbọdọ̀ pé oṣù 6.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tí káàdì ọdún 2 rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2024. Ó lọ sí Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ó sì padà ní àárín oṣù Kẹta 2025. Oṣù 3 àbọ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n pè é láti ilé pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti dolóògbé; pẹ̀lú ìsìnkú àti ìnáwó ọjọ́ 40, ó lo oṣù 1 àbọ̀. Oṣù Kejìlá tún dé, ó tún lọ gbádùn ọyẹ́ nílé, ó padà ní àárín oṣù Kẹta 2026. Oṣù 3 àbọ̀ mìíràn. Kò sí èyíkéyìí nínú ìrìnàjò rẹ̀ tó sún mọ́ oṣù 6, nítorí náà ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ wá ro ó pọ̀: oṣù 8 àbọ̀. Ó ti kọjá ààlà kó tó tún káàdì ṣe. Ká tiẹ̀ sọ pé wọ́n fojú fo ìyẹn, oṣù 1 àbọ̀ péré ló kù fún un láti lò nílé fún ọdún 3 tó kù, tó bá jẹ́ ti Yúróòpù ló ń wá.

Ẹ wá ìwé kékeré kan. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i: ọjọ́ tí mo jáde, pápákọ̀ òfuurufú tí mo gbà, ọjọ́ tí mo wọlé, iye ọjọ́. Ẹ lẹ boarding pass mọ́ ojú ewé náà, kódà bó bá jẹ́ ìrìnàjò ọjọ́ 3 sí Lọ́ńdọ̀nù lọ wo ọmọ-ọmọ, nítorí pé Lọ́ńdọ̀nù pàápàá jẹ́ òkè òkun lójú òfin yìí. Ìwé yìí ṣe pàtàkì, torí pé wọn kì í kó ẹni tó ní káàdì ìgbélùú mọ́ EES, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ ìwọlé àti ìjáde àlejò sílẹ̀ ní ẹnubodè, tí Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2025, wọn kò sì yẹ kó lu òǹtẹ̀ sí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ẹ̀rí ọjọ́ tí ẹ lọ àti ọjọ́ tí ẹ dé, ọwọ́ yín ló wà. Tí ẹ bá dé ẹnubodè, ẹ na káàdì pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá na pásípọ́ọ̀tù nìkan, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí àlejò ọjọ́ 90.

Bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Òfin fàyè sílẹ̀ fún àlàyé. Ẹ kọ̀wé sí AIMA, ilé iṣẹ́ ìjọba Pọ́rtúgàl tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, kí ẹ tó kúrò nílùú, pé ìdí báyìí ni mo fi máa pẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ kọ ọ́ láti ibi tí ẹ wà. Ìwé dókítà, ìwé ẹ̀rí ikú, lẹ́tà ilé ìwòsàn, ohun tó ń gba èèyàn sílẹ̀ nìyí. “Mo wà nílé, ara mi ò yá” lásán kì í ṣe ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: owó

Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Pọ́rtúgàl ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Lọ́dún 2025 ó jẹ́ €870 lóṣù, ní 2026 ó ti di €920. Ìyàwó tàbí ọkọ tí ẹ bá kó mọ́ra á fi ìdajì rẹ̀ kún un, ìyẹn ni pé tọkọtaya nílò €1,380 lóṣù ní 2026. Lọ́dọọdún ló ń gòkè, nítorí náà ẹ má ṣe fi iye tí ẹ fi gba físà ní ọdún tí ẹ wọlé ṣe ìṣirò.

Ẹni tó bá gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba lódindi, £241.30 lọ́sẹ̀ láti oṣù Kẹrin 2026, ó ju €920 lọ dáadáa, àmọ́ kò tó fún ẹni méjì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í gba á lódindi. Ọdún 35 lèèyàn gbọ́dọ̀ fi san National Insurance kó tó pé, bẹ́ẹ̀ ẹni ogójì ọdún ni púpọ̀ nínú wa nígbà tí a dé ibẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńṣọ̀n ibi iṣẹ́ kún un, kí owó náà sì máa gba inú báǹkì kan náà lóṣooṣù kí ó lè hàn ketekete. Owó tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ jẹ́ ìfẹ́, kì í ṣe owó tó ń wọlé fúnra rẹ̀ lójú AIMA. Ẹ má fi òun gbé ìbéèrè yín ró.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ilé, owó orí àti ìlera

Ìwé ilé rírẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Finanças, ìyẹn ilé iṣẹ́ owó orí. Onílé tó bá ní kí ẹ máa san owó lọ́wọ́ láìfi orúkọ yín síbì kankan, ẹ sá fún un, bó ti wù kí ilé náà dára tó. Junta de Freguesia, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò yín, lè fún yín ní atestado de residência, ìwé ẹ̀rí pé ibẹ̀ lẹ ń gbé. Tí ẹ bá kó kúrò nílé, ọjọ́ 60 lẹ ní láti fi sọ fún AIMA. Àìsọ rẹ̀ ló ń mú kí lẹ́tà lọ sí ilé àtijọ́ títí àsìkò á fi kọjá.

Ẹ máa ṣàlàyé owó tó wọlé fún Finanças lọ́dọọdún, láàárín ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin sí ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Kẹfà. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ jẹ owó orí kankan, ìwé tí wọ́n á fi ránṣẹ́ padà, nota de liquidação, wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà àtúnṣe káàdì.

Ní ti ìlera, ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Ìlú Ọba ní ẹ̀tọ́ sí fọ́ọ̀mù S1. Ìlú Ọba ló ń san owó ìtọ́jú yín fún Pọ́rtúgàl. Ẹ gbà á lọ́wọ́ NHS Business Services Authority, ẹ mú un lọ sí Segurança Social, ilé iṣẹ́ ètò ìrànwọ́ ìjọba Pọ́rtúgàl, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ gba número de utente, nọ́ńbà aláìsàn yín, ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Ẹni tó ti Amẹ́ríkà wá kò ní irú rẹ̀: Medicare, ètò ìlera àgbàlagbà tiwọn, kì í sábà sanwó ìtọ́jú lókè òkun, nítorí náà ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SNS, ètò ìlera ìjọba Pọ́rtúgàl, tàbí kí ẹ ra ìbánigbófò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: èdè

Irú ìgbélùú títíláé méjèèjì ló ń béèrè èdè Potogí kékeré, ìpele A2. Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Ìdánwò CIPLE tí CAPLE ní Yunifásítì Lisbon ń ṣe, tí èèyàn fi máàkì 55 nínú ọgọ́rùn-ún yege. Tàbí kíláàsì ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń ṣe, Português Língua de Acolhimento, tí wákàtí rẹ̀ fún A1 àti A2 jẹ́ 150.

Fún ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo fara mọ́ kíláàsì ju ìdánwò lọ. Wọ́n ń wo bí ẹ ṣe ń wá déédéé, ẹ sì ń rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, torí pé ìdánìkanwà ń pa àgbàlagbà ní ilẹ̀ àjèjì ju otútù lọ. Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, nítorí àyè kì í pọ̀. Ẹ má sì bẹ̀rù: ohùn imú tó ń ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì bíi kí wọ́n sunkún nínú pão àti não, ojoojúmọ́ là ń lò ó nínú ọ̀kan, ẹran àti ìyàn. Ibi tó le fún wa ni gbígbọ́ wọn, torí pé wọ́n ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì. Rédíò àti bẹ́kẹ́rì àdúgbò ló ń tọ́jú ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara wọn so okùn tí kò yẹ mọ́ ọrùn. Lọ́yà á sọ fún wọn pé ti Yúróòpù “ga jù”, wọ́n á sì sáré gbà á.

Àkọ́kọ́ ni residência permanente, ti Pọ́rtúgàl fúnra rẹ̀. Ẹ nílò ọdún 5 lórí káàdì onígbà díẹ̀, owó, ilé, èdè, àti kí ilé ẹjọ́ má ti rán yín lẹ́wọ̀n tó ju ọdún 1 lọ láàárín ọdún 5 náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á, ẹ lè wà níta fún oṣù 24 léraléra, tàbí oṣù 30 láàárín ọdún 3, kó tó di pé wọ́n lè gbà á padà.

Èkejì ni estatuto de residente de longa duração, ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ohun tí wọ́n ń béèrè jọra, wọ́n kàn fi ìbánigbófò ìlera àti òfin oṣù 10 tí mo sọ lókè kún un. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń ṣílẹ̀kùn láti lọ béèrè ìgbélùú ní orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn, bíi Jámánì tàbí Faransé. Ireland àti Denmark kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wà lóde Yúróòpù fún oṣù 12 léraléra, tàbí tó kúrò ní Pọ́rtúgàl fún ọdún 6, á pàdánù rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù tún sọ ní oṣù Kìíní 2022 pé bí èèyàn bá tiẹ̀ fi ọjọ́ díẹ̀ péré tẹ ilẹ̀ Yúróòpù láàárín oṣù 12 náà, kò pàdánù nǹkan kan.

Èrò tèmi nìyí. Tí ọmọ yín bá wà ní Jámánì tí ẹ sì mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ máa parí sí, ẹ wá longa duração, kí ẹ sì dín ilé lílọ kù láti ọdún àkọ́kọ́. Tí ẹ bá ní ilé ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo, tí ẹ fẹ́ máa lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀ lọ́dọọdún, permanente ló bá yín mu. Oṣù 16 ló fàyè gbà fún yín lórí káàdì méjèèjì kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ẹ kò bá ti kọjá oṣù 8 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má da ọ̀rọ̀ ọmọ-ìlú pọ̀ mọ́ èyí. Òfin ọmọ-ìlú ni wọ́n fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní ilé aṣòfin ní 2025. Ọdún 5 ti ìgbélùú títíláé dúró sí àyè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: fífi ìwé sílẹ̀

AIMA gba iṣẹ́ lọ́wọ́ SEF, ilé iṣẹ́ ìwọ̀lú àtijọ́, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2023, ó sì jogún ìwé tó ju 300,000 lọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ìyẹn jẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé wọ́n bí ojú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ ní oṣù mẹ́fà kí káàdì ọdún 3 tó kú. Ẹ máa tọ́jú gbogbo ímeèlì àti ẹ̀dà ìbéèrè, torí pé òun ni lọ́yà á gbé lọ sílé ẹjọ́ bí wọn kò bá dáhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n tó rí ọjọ́ gbà, kò sì ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ohun tí ẹ máa kó lọ nìyí: pásípọ́ọ̀tù, káàdì, lẹ́tà owó ìfẹ̀yìntì àti ìwé báǹkì, ìwé ilé, ìwé owó orí, ìwé èdè, àti ìyọ̀ǹda kí wọ́n wo àkọsílẹ̀ ọ̀ràn yín. Ìwé tó bá ti Ìlú Ọba wá nílò apostille, òǹtẹ̀ ìjọba tó ń jẹ́rìí pé ojúlówó ni. Ti Nàìjíríà, bí ìwé ìgbéyàwó, gba ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè ní Àbújá kọjá kó tó dé ọ́fíìsì aṣojú Pọ́rtúgàl. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín lára gbogbo wọn. Bí pásípọ́ọ̀tù bá kọ Olúwafúnmiláyọ̀ tí báǹkì kọ Fúnmi, ẹ tún ti báǹkì ṣe kí ọjọ́ tó pé.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya

Tí ìyá àti bàbá bá ní pẹ́ńṣọ̀n tó tó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí oníkálukú gba D7 tirẹ̀. Ẹni tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tàbí ọkọ, káàdì rẹ̀ so mọ́ ti ẹnìkejì. Òfin fún opó láàyè láti béèrè káàdì tó dá dúró, àmọ́ àsìkò tí omijé ò tíì gbẹ lójú kọ́ ló yẹ kí èèyàn máa to fọ́ọ̀mù. Ọdún 5 oníkálukú sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ káàdì tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí káàdì bá dé ọwọ́

Oṣù 24 tí permanente gbà yín láàyè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú nìkan. DWP tó ń san owó ìfẹ̀yìntì Ìlú Ọba ní òfin tirẹ̀: ẹni tó ń gbé Pọ́rtúgàl, owó rẹ̀ ń gòkè lọ́dọọdún, ẹni tó kó lọ gbé Nàìjíríà, owó rẹ̀ á dúró gbári síbi tó wà, kò ní gòkè mọ́ láé àyàfi tó bá kúrò níbẹ̀. S1 náà wà fún ẹni tí Pọ́rtúgàl jẹ́ ibùgbé rẹ̀. Finanças sì ń ka ọjọ́ 183 tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní ti owó orí. Ibi kan náà lẹ gbọ́dọ̀ pè ní ilé fún gbogbo wọn. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù mẹ́wàá lọ sílé, ẹ jókòó pẹ̀lú ìwé kékeré yẹn, kí ẹ wo ohun tí oṣù kọ̀ọ̀kan máa ná yín lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta yìí.

Káàdì permanente fúnra rẹ̀ ń kú ní ọdún 5-5, ẹ̀tọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni kì í kú. Ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ sórí fóònù ọmọ yín kan.